Ibi Tí Ẹṣin Ọ̀yọ́ Kò Lè Dé: Ìtàn Òkè Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Ń Sáré Gùn Lónìí

Àṣà kan ti gbòde láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti dé, wọn a kó ara wọn jọ, wọn a wọ bàtà ìsáré, wọn a gbé omi kọ́ ẹ̀yìn, wọn a sì forí lé òkè. Ẹlòmíràn ń rìn, ẹlòmíràn ń sáré; ohun tí gbogbo wọn ń lé ni kí wọ́n dé ṣóńṣó, kí wọ́n ya àwòrán, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Fún ẹni tí ó wà ní Ẹdẹ, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ gíga bí i mélòó kan ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ọ̀nà òkè kò jìn. Bí ó bá gba Òṣogbo kọjá sí Iléṣà, yóò bá omi Olúmirìn tí ó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Bí ó bá sì tẹ̀ síwájú dé Àkúrẹ́, ó ti sún mọ́ Ìdànrè nìyẹn.

Àwọn àgbà kan ń bú wọn. Wọ́n ní kí ni ènìyàn ń wá lórí àpáta tí kò ní oko níbẹ̀, tí kò sì ní ìyàwó níbẹ̀? Wọ́n ní eré òyìnbó ni. Àwọn ọ̀dọ́ náà sì rò ní tiwọn pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ adùn òkè. Ní tèmi, òkè ìhín ni kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ méjèèjì rí tọ̀hún. Àwọn baba wa gun òkè tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi í ṣe eré, ṣùgbọ́n wọn kò gùn ún láti dé òkè kí wọ́n tún sọ̀. Ẹṣin ni wọ́n ń sá fún. Ìlú Ẹdẹ, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sáré gun òkè lónìí ti ń gbéra, wà lápá ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ṣin nínú ìtàn náà.

Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa Ẹdẹ ni ti Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, tafàtafà tí Aláàfin rán wá sí ẹnubodè. Àwọn ará Ẹdẹ gbà pé ní ayé Ṣàngó ni, èyí náà sì ni Dúró Ládiípọ̀ gbé sórí ìtàgé nínú Ọba Kò So. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897 tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, gbé e sí ayé Aláàfin Kórí. N kò ní dá sí iyàn yẹn. Ohun tí ó kàn wá ni iṣẹ́ tí Johnson sọ pé wọ́n torí rẹ̀ rán Tìmì: àwọn Ìjẹ̀ṣà ń jí ènìyàn gbé lóko, wọ́n sì ń dá àwọn oníṣòwò tí ń ná ọjà Àpòmù lọ́nà. Aláàfin fi ọlọ́fà náà sí Ẹdẹ kí ọ̀nà lè rọgbọ. Ọwá Iléṣà náà kò káwọ́ gbera: ó fi Àtáọ́ja sí Òṣogbo kí ó máa ṣọ́ Ẹdẹ. Ìlú méjì tí ọkọ̀ akérò ń ná láàrin wọn láti àárọ̀ dalẹ́ lónìí, ojú ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ń wo ara wọn nígbà náà.

Ibi tí Ẹdẹ wà lónìí kọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹdẹ-Ilé ni ibùdó àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran, awalẹ̀pìtàn, ti wú ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi hàn pé àwọn ará Ọ̀yọ́ gan-an ni wọ́n wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní ayé ìjọba Ọ̀yọ́. Ìkòkò tí wọ́n fọ́ sílẹ̀ jọ ti Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n tilẹ̀ gbin igi osè, igi ilẹ̀ ọ̀dàn, sí etí igbó tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ igi osè yìí ju gbogbo èyí tí àwọn akọ̀tàn sọ nípa Ẹdẹ lọ. Ènìyàn tí ó bá gbé igi ìlú rẹ̀ dání lọ sí ẹnubodè kò lọ kí wọn. Ó lọ láti jókòó.

Agbára Ọ̀yọ́ wà lẹ́sẹ̀ ẹṣin. Lórí ọ̀dàn, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ tí igi sì fọ́nká, ẹlẹ́ṣin mẹ́wàá lè tú ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́sẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ẹṣin ní ààlà. Bí ó bá wọ inú igbó, eṣinṣin búburú tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran a kó àìsàn ràn án, ìtàkùn a dè é lẹ́sẹ̀, ẹni tí ó gùn ún kò sì ní rí àyè fi ọ̀kọ̀. Bí ó bá wá kan àpáta, ọ̀rọ̀ ti parí: pátákò kò mọ bí a ti ń di orí òkúta mú. Johnson náà ni ó ròyìn pé ní ayé Aláàfin Ọbalókun, ogun Ọ̀yọ́ wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn Ìjẹ̀ṣà sì ba dè wọ́n, wọ́n ṣẹ́gun wọn, nítorí pé àwọn ará Ọ̀yọ́ kò mọ ogun inú igbó jà.

Ẹni tí ó bá ń ti Òṣogbo lọ sí Iléṣà lónìí lè fojú ara rẹ̀ rí ìdí. Ilẹ̀ a máa gbéra díẹ̀díẹ̀, títí òkè yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa òkè lọ́wọ́. Bí a bá dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, àpáta ti dìde dúró bí ògiri, omi Olúmirìn sì ń tibẹ̀ já bọ́ ní ìpele ìpele. Méje ni wọ́n ka ìpele náà sí. Ìtàn ìlú náà sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Akínlà, tí í ṣe ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí omi náà nígbà tí wọ́n ń ṣí láti Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá ìpele kejì, nítorí ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn ìrọ̀rùn ti ń tán. Àwọn tí wọ́n bá fi ọwọ́ di gbòǹgbò mú, tí wọ́n sì gùn ún dé òpin, yóò bá abúlé Abákẹ́ pàdé lókè, níbi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ń fẹnu kan ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n. Ibi tí sárésáré ti ń kan sáárá sí ara rẹ̀ pé òun ti ṣe bẹbẹ, iwájú ilé ẹlòmíràn ni. (Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó má lọ ní ọjọ́ òjò. Àpáta Olúmirìn kì í dárí ji bàtà tí kò dára.)

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, ẹṣin kò kúrò nínú ogun. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó bọ́ sí. Ìlọrin ń ti àríwá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin, ogun abẹ́lé sì ń jó kiri. Ìgbà yẹn ni òkè di ohun tí ènìyàn ń wá lójú méjèèjì. Ní 1830, àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú dé abẹ́ Òkè Olúmọ, wọ́n sì fi àpáta náà ṣe ibi ìsádi. Orúkọ ìlú náà, Abẹ́òkúta, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ìbàdàn ti ìgbà Lágelú náà ní tirẹ̀: wọ́n ní nígbà tí ogun tú ìlú náà, orí òkè ni àwọn tí ó ṣẹ́kù sá lọ, tí ìgbín àti èso òro sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ebi. Ọdún Òkè'bàdàn tí wọ́n ń ṣe títí di òní, ọpẹ́ lọ́wọ́ òkè ni. Ní Adó-Àwáyè, níbi tí adágún Ìyàkẹ́ jókòó sí orí àpáta, àwọn ènìyàn gbé òkè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí ìlú wà lónìí.

Ogun tí ó kẹ́yìn nínú gbogbo rẹ̀, ogun Kírìjí, òkè ni wọ́n ti jà á. Láti 1878 tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí gbé idà sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn títí di ìgbà tí wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé àlàáfíà ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, àárín àwọn òkè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ dúró sí. Ìró ìbọn tí ń lu òkè tí ó sì ń padà wá ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ògèdèǹgbé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ òkè bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, Ìbàdàn pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀ kò sì rí wọn lé kúrò.

Ní Ìdànrè ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́, nítorí pé níbòmíràn àwọn ènìyàn sá gun òkè fún ìgbà díẹ̀. Ní Ìdànrè wọ́n gbé ibẹ̀ ní odidi ìlú. Àpáta náà ga tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Lókè rẹ̀, ilẹ̀ tún tẹ́ pẹrẹsẹ láàrin àwọn àpáta tí ó yí i ká, ibẹ̀ ni ìlú tí wọ́n ń pè ní Ùfẹ̀ Òkè wà. Ìtàn wọn tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀, ó sì ka ìgbé orí òkè náà sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀ títí di òní pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀. Ojúbọ wà níbẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ Àgbọ̀gún, akọni ọdẹ, wà lára àpáta. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, bí ó ti wù kí ẹsẹ̀ náà tóbi tàbí kí ó kéré tó, àfi ti àjẹ́. (Mo ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń sọ ìtàn yìí kì í sábà yára ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.) Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, òkè náà ni wọ́n bá ìlú, òkè náà ni wọ́n sì kó nǹkan wọn lọ: ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní 1896, ilé ẹjọ́ ní 1906.

Ẹ fi ojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Oko wà nísàlẹ̀. Ọ̀pẹ wà nísàlẹ̀. Ọjà àwọn ará ìlú mìíràn wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹun yóò sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, yóò sì tún gbé iṣu, igi ìdáná àti garawa epo gùn padà nírọ̀lẹ́, láìsí àtẹ̀gùn tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe, láìsí irin tí a ń dì mú. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá láti ìlú ìsàlẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè wọ ilé ọkọ. Ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ gun òkè lọ sí kóòtù, bí ó bá sì jẹ̀bi, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ àti orúnkún dídùn. Àwọn obìnrin ni wọ́n ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù wọ̀nyí, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Lónìí, àtẹ̀gùn wà. Àwọn kan kà á sí 667, àwọn kan kà á sí 682, ẹni tí ó bá sì gùn ún tán kì í sábà ní èémí tí yóò fi jiyàn. Ibùsinmi márùn-ún ni wọ́n ṣe sí ojú ọ̀nà. Síbẹ̀, mo ti rí àwọn géńdé tí wọn kò ru ju ike omi kan lọ tí wọ́n jókòó sí ibùsinmi kejì tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run.

Kí ni ó wá mú wọn sọ̀ kalẹ̀? Àìsí ogun ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìwé àlàáfíà 1886 àti lẹ́yìn tí ìjọba òyìnbó fìdí múlẹ̀, ẹṣin tí wọ́n ń sá fún kò sí mọ́. Èkejì ni kókó. Kókó kò ṣeé gbìn sórí àpáta, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ Ìdànrè sì gbà á dáadáa. Ìlú náà wà lára àwọn tí ó ń kó kókó jùlọ ní Nàìjíríà títí di òní. Ẹni tí owó rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kò ní pẹ́ kí ó tó kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ owó rẹ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ náà ń bọ̀, ọkọ̀ kò sì ní gun àpáta. Láàrin nǹkan bí 1928 sí 1933, ìlú ṣí kalẹ̀, ọ̀pọ̀ tẹ̀dó sí Odòde. Ohun tí ogun ẹgbẹ̀rún ọdún kò lè ṣe, kókó ṣe é láàárín ọdún díẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà tí òkè ṣófo ni eré wọlé. Ó yẹ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: sísáré gun òkè fún ìdíje kì í ṣe ti Yorùbá, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí wa bí a ti rò. Òkè Kamẹrúùnù, tí ó ga ju 4,000 mítà lọ, wà ní ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, kí àwọn ará ibẹ̀ tó dìbò ní 1961 láti darapọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù. Ní 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje láti ìlú Buea dé ṣóńṣó àti padà, ó sì wà títí di òní. Obìnrin kan, Sarah Etonge, gba ipò kìíní láàrin àwọn obìnrin ní ìgbà méje; àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é ní ọbabìnrin òkè. Ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Cross River dá tiwọn sílẹ̀ ní Obudu ní 2005, kìlómítà 11.25 lójú ọ̀nà ọ̀dà tí ó ń lọ́ gun òkè. Àwọn ará Etiópíà àti Kẹ́ńyà ni wọ́n sábà ń kó owó ibẹ̀ lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Òǹdó náà gbé àjọ̀dún Mare kalẹ̀ ní Ìdànrè, gígun òkè sì wà nínú rẹ̀.

N kò lòdì sí ìdíje. Ohun tí ó ń dùn mí ni bí a ti ń kọ ìtàn rẹ̀. Ìwé sọ pé Richard Burton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gun Òkè Kamẹrúùnù láàrin ìparí 1861 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1862. Àwọn ọdẹ Bakweri tí wọ́n ń dẹ̀gbẹ́ lára òkè náà kí wọ́n tó bí Burton kò ní orúkọ nínú ìwé náà. Irú àṣìṣe kan náà ni a ń ṣe nílé. Àwòrán tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára láti Ìdànrè, ojú wọn ni ó kún inú rẹ̀. Bí ògiri ilé bá tilẹ̀ hàn lẹ́yìn, ẹni tí ó ń wò ó kò ní mọ̀ pé ilé ẹjọ́ ni tàbí ààfin. Bẹ́ẹ̀ ògiri amọ̀ ni. Òjò ń fọ̀ ọ́. Ní 2007 ni wọ́n fi orúkọ Òkè Ìdànrè sínú àkọsílẹ̀ ìdúró-dè ti UNESCO, inú ìdúró-dè náà ni ó sì wà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, aládùúgbò Ẹdẹ, ti gba ipò tirẹ̀ ní 2005. Súkúr ní Ìpínlẹ̀ Adámáwá gba tirẹ̀ ní 1999, ìlú orí òkè ni òun náà, tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ òkúta tí ọwọ́ àwọn baba ńlá wọn tò.

Ìyàtọ̀ tí mo rí láàrin Súkúr àti Ìdànrè ni pé àwọn ará Súkúr kò tíì fi òkè wọn sílẹ̀ tán. Wọ́n ṣì ń ro ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n ń tún òkúta ọ̀nà tò. Nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí gòkè wá bá wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2014 tí wọ́n sì dáná sun ilé, àwọn ènìyàn náà padà wá tún un kọ́. Ilé tí ẹnìkan ń sùn nínú rẹ̀ ni ẹnìkan ń bo òrùlé rẹ̀. Ìjọba lè fi sìmẹ́ńtì kún àtẹ̀gùn Ìdànrè títí yóò fi di ẹgbẹ̀rún kan. Èyí kò ní mú ògiri ààfin dúró. Ní Olúmọ, wọ́n fi ẹ̀rọ agbéniròkè síbẹ̀ ní 2006, kí àlejò lè dé òkè láìlàágùn. Ó dára fún àwọn arúgbó. Ṣùgbọ́n owó tí a ná láti mú àlejò dé òkè ti pọ̀ ju èyí tí a ná sórí ohun tí àlejò yóò bá níbẹ̀ lọ.

Àwọn ará Ìdànrè fúnra wọn kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ tán lọ́nà náà. Wọ́n kó ọjà, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ẹjọ́ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kó ibojì. Àwọn òkú wọn wà lókè. Nígbà ọdún ìbílẹ̀, àwọn àgbààgbà tí orúnkún wọn kò gbé wọn dáadáa mọ́ nísàlẹ̀ ṣì máa ń gun òkè lọ bọ ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ baba wọn, wọ́n á rọra kọjá lára àwọn géńdé tí wọ́n jókòó sí ibùsinmi.